Adìẹ Tó Kọ́kọ́ Rìn

Òórùn epo tó ń hó ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá já láti orí ọ̀pẹ. Ní Ìkọ̀yà wa, tí àsìkò ẹyìn bá dé, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kì í rú èéfín. Ìyá mi ń ro epo nínú ìkòkò, èmi ń ṣa ẹyìn sínú agbọ̀n, nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé Bàbá wọlé. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kán. Bẹ́ẹ̀, kò sígbà tó ń so igbà náà tí kì í sọ fún mi pé, "Ọma mi, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wọ́n gbé e lọ sí Ìyànsàn, sílé bàbá àgbà kan tó ń to eegun. Ìyá mi àti èmi tẹ̀ lé e. Bàbá àgbà náà to ẹsẹ̀, ó fi ewé àti ọparun tó là dì í. Lẹ́yìn náà ló mú àgbébọ̀ adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ó dì í bákan náà. Ó ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn yóò rìn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú adìẹ. Mò ń fún un lágbàdo, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ àgbà.

Bàbá kọ́kọ́ ń kérora. "Ẹ bá mi tú u díẹ̀, ó ti le jù." Wọ́n ní kó mú un mọ́ra, pé eegun tó ń so pọ̀ ló ń dùn. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ó ní òun ò mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́sẹ̀ náà. Ìyá mi kọrin ọpẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, adìẹ dìde, ó tiro kọjá àgbàlá. Mo gbá a mọ́ra, mo sáré wọlé. "Bàbá, ó ti rìn!" Gbogbo ilé hó yèè. Ojú gbogbo wa wà lára adìẹ, kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀. Òórùn ló pè wá síbẹ̀. Nígbà tí Ìyá ṣí aṣọ tí Bàbá fi bora, ìka ẹsẹ̀ Bàbá ti dúdú bí èédú, ó tutù. Bàbá àgbà náà sunkún. Nílé ìwòsàn Òkìtìpupa, wọ́n ní ìdì tó le jù ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì gé e lórúnkún kí Bàbá má bàa kú.

Èmi náà ti di dókítà eegun báyìí. Ìwé tí mo kà pọ̀, iṣẹ́ abẹ tí mo ti ṣe kò níye, àmọ́ kí n tó mu tíì láàárọ̀, màá ti fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tí a di ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mì ín kí n rí i." Àwọn dókítà tí mò ń kọ́ ń pè mí ní Ìyá Oníka. Adìẹ ìbílẹ̀ ni mo ń sìn lẹ́yìn ilé, n kì í jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. Ọkọ mi ní àfi kí ogbó pa wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo gboyè, Bàbá na ẹsẹ̀ kan tó kù fún un sí mi. "Ọma mi, yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ó gbóná?" Ó gbóná.

Bàbá ti lọ sinmi. Ọmọ tó gbá adìẹ mọ́ra nígbà yẹn kò mọ nǹkan kan, inú rẹ̀ sì dùn. Èmi mọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ pààrọ̀ òwúrọ̀ kan péré ní Ìyànsàn, kí n sọ adìẹ yẹn kalẹ̀, kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Bàbá kó tó tutù, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.