Abọ́ Tí Mo Lọ Rà Ní Oǹdó

Ẹnu mi ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, kí n má parọ́. Àwọn tó mọ̀ mí nígbà yẹn ní Àkúrẹ́ mọ̀ pé bí mo bá ti dìde ní ìpàdé, kí oníkálùkù yáa jókòó dáadáa ni. Olùkọ́ ni mí, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kò tóbi: àwa olùkọ́ mélòó kan, aránṣọ, nọ́ọ̀sì méjì, àwọn ìyá tó ń tajà, àti Bàbá Alága wa, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹgbẹ́ pé ogún ọdún, a ní kí á ṣe ẹ̀bùn ìrántí tí a óò tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, kí ìlú lè mọ̀ pé a ṣì wà láàyè.

Ọdún náà le. Kì í ṣe líle kékeré. Gààrí tí à ń fojú tín-ín-rín tẹ́lẹ̀, òun gan-an ti di ohun tí wọ́n ń tì mọ́ inú yàrá. Mo mọ ilé tí baálé fúnra rẹ̀ ti ń bu gààrí fún ọmọ, kí ó má baà tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ọjà, àwọn kan ń lu ìdí kóńgò wọn wọnú kí ó má baà gba ọjà púpọ̀. Àwọn mìíràn ń yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ènì, tí àwọn kan ń pè ní jára, ẹ̀kúnwọ́ tí ọlọ́jà máa ń bù lé ọjà ẹni lẹ́yìn tó bá ti wọ̀n ọ́n tán, kò sí mọ́. Bí o bá bèèrè ènì lọ́dún yẹn, wọn á wò ọ́ bí ẹni pé o ní kí wọ́n gbé ọmọ wọn fún ọ.

Bàbá Alága fẹ́ kàlẹ́ńdà. Ó tilẹ̀ ti ya fọ́tò sílẹ̀, tòun ti agbádá, ó sì gbé e wá sí ìpàdé nínú àpòòwé. Àwòrán tirẹ̀ ni yóò wà láàárín, tiwa yóò yí i ká bí òròmọdìẹ. Nọ́ọ̀sì kan ní ife ni ká ṣe, ẹlòmíràn ní aṣọ ìnura. Mo bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ se kàlẹ́ńdà jẹ? Ẹ̀yin ò rí bí ìta ṣe rí ni? Abọ́ ni ká ṣe! Abọ́ tó gba kóńgò kan géérégé, kí ẹni tó bá gbé e lọ sọ́jà mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ òun jẹ tàbí wọn ò rẹ́ òun jẹ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé, ẹnu rẹ yìí ṣá," ó sì rọra ti fọ́tò rẹ̀ padà sínú àpòòwé. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo délé, ṣùgbọ́n mo ti borí, mo sì fẹ́ràn kí n máa borí.

Èmi ni wọ́n rán lọ sí Oǹdó, nítorí ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé ọkùnrin kan ń tẹ orúkọ tí kì í parẹ́ sára rọ́bà. Mo wọ mọ́tò láàárọ̀, èmi àti bàbá kan tí òórùn kòkó gbígbẹ kò kúrò lára rẹ̀ títí a fi débẹ̀. Ọkùnrin atẹ̀wé náà gbé abọ́ méjì síwájú mi. Ọ̀kan funfun, ó ki, ó wúwo, kò sì lẹ́wà kankan. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ń dán, nígbà tó sì tẹ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí i lára ní àwọ̀ wúrà kí n lè wò ó, inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sókè.

"Ṣé kóńgò kan ni èyí náà gbà?"

"Géérégé, ìyá mi. Kò lé, kò dín."

Ó sọ ọ́ ní ìsọ àwọn ará Oǹdó, bí ẹni ń kọrin, mo sì gbà á gbọ́. Èmi tí mo máa ń fi eyín dán ẹ̀wà wò kí n tó rà á! Èmi tí mo máa ń ka ọsàn lẹ́ẹ̀mejì lójú ẹni tó ń tà á! Kóńgò wà ní ìsọ̀ kejì, yanrìn wà níta gbangba. Kí n yá kóńgò, kí n bu yanrìn kún un, kí n dà á sínú abọ́ yẹn, kò lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. N kò ṣe é. Àwọ̀ wúrà ti fọ́ mi lójú. Mo ní kí ó tẹ gbogbo rẹ̀ sára aláwọ̀ ewé.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta gààrí ní ọjà kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mùsùlùmí ni, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gbé Àkúrẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìsọ̀ gààrí yẹn nìkan ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn wọn sì wà ní kíláàsì mi. Ìsọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ o. Àwọn ìyá onígààrí ọjà náà ló fún un láyè, wọ́n sì lè gbà á padà nígbàkígbà. Nítorí náà, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí a bá ń pariwo ní ìpàdé, òun á máa tẹ tẹ̀súbáà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, èmi ni mo pín abọ́. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún, àwọn àlejò wà, ọ̀rọ̀ sì ń dùn lẹ́nu mi. Mo gbé abọ́ kan sókè, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, abọ́ ẹgbẹ́ wa rèé! Kóńgò kan géérégé ni, kò lé, kò dín!" Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fa ìyá onígààrí jáde láàárín àwọn èèyàn, mo gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́, mo ní, "Màmá, láti ọ̀la lọ, èyí ni kí ẹ máa fi wọn gààrí fún wa. Ẹni tí kò bá gbà pé ó pé, kó wá bá mi!"

Ó wo inú abọ́ náà. Ó gbé e sókè sódò díẹ̀ lọ́wọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa, Tíṣà. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́." Àwọn èèyàn hó yèè. Èmi náà hó.

Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ ra gààrí, mo bá èrò ní ìsọ̀ màmá onígààrí yẹn. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn onígààrí ló ń yẹ ìwọ̀n wò láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, nítorí pé ìrẹ́jẹ ti pọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ ni kóńgò àgbà wà, kóńgò irin àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń dán gbogbo ìwọ̀n ọjà náà wò. Òfin wọn kò ṣòro: ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá pé, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìyá àgbà bu gààrí kún abọ́ aláwọ̀ ewé, ó fi ọwọ́ gé orí rẹ̀, ó dà á sínú kóńgò àgbà. Gbogbo wa na ọrùn. Gààrí náà dúró sísàlẹ̀, ó ku bí ìka méjì kó dé etí.

Ariwo ta. "Háà! Àlejò yìí!" "Tó ń kírun ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́!"

Ìyá àgbà ní, "Níbo lo ti rí abọ́ yìí?"

Màmá ní, "Abọ́ mi ni." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba abọ́ náà padà, ó gbé e mọ́ ikùn rẹ̀, mo sì rí i kedere pé ó yí ibi tí orúkọ ẹgbẹ́ wà sí ara ìró rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nítorí Ọlọ́run. Mo fẹ́ sá. Kò tíì sí ẹni tó rí mi. Mo tilẹ̀ ti rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́ta padà sẹ́yìn. Ohun tó dá mi dúró ni pé màmá gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin, ó sì fi orí ṣe fún mi pé kí n máa lọ. Kí n máa lọ, àbí ẹ ò gbọ́! Ojú tì mí débi pé inú bí mi.

Mo já wọ àárín èrò. "Èmi ni! Èmi ni mo ra abọ́ yẹn ní Oǹdó, ó ti tó oṣù méjì! Èmi ni mo ní kí màmá máa fi wọn gààrí, tí mo ní ó pé, n kò sì wọ̀n ọ́n wò! Ẹ bi wọ́n bóyá mo parọ́! Bí ẹ bá máa bú ẹnikẹ́ni, ẹ bú mi!"

Ìyá àgbà gbọ́ mi tán. Kò bínú sí mi. Ó ní, "Tíṣà, o ṣeun. Àmọ́ ìwọ kọ́ lo ń ta gààrí. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń fi ìwọ̀n tí kò pé tà fún àwọn ọlọ́mọ. Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni n óò sọ fún àwọn tí mo ti lé? Kó palẹ̀ mọ́, kó máa re ulé."

Màmá kò bẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń di ẹnu àpò gààrí rẹ̀. Ó so okùn náà, ó tú, ó tún un so. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má máa sunkún.

Ìgbà náà ni obìnrin kan tó pọnmọ sẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ìyàwó bíríkìlà kan ni, kò jìnnà sílé wa. Ó gbé ọ̀rá gààrí dání. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kóńgò kan lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó dé ni. Ẹ wọn tèmi wò, kí n lè mọ iye tí mo ti ń pàdánù."

Ìyá àgbà gba ọ̀rá náà, ó tú u sínú kóńgò àgbà. Gààrí náà gòkè, ó dé ibi ìka méjì, ó kọjá ibẹ̀. Ó dé etí. Ó gorí, ó ṣe ṣóńṣó, ó sì ń dà sílẹ̀ sórí ẹní, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá kò tíì tán.

Ìyàwó bíríkìlà ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni wọ́n máa ń bù lé e."

Ìyá àgbà yíjú sí màmá, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "O ṣì ń fún èèyàn ní ènì? Lọ́dún tí a wà yìí?"

Màmá wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Ìyá àgbà pòṣé, ó gbé kóńgò rẹ̀, ó ní, "Jókòó sí ìsọ̀ rẹ, jàre. Ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ rí abọ́ yẹn ní ọjà yìí mọ́." Ó kọjá sí ìsọ̀ kejì, èrò sì tẹ̀ lé e.

Ó ku èmi àti màmá. Mo nu ojú mi. "Màmá, ẹ mọ̀ pé abọ́ yẹn ò pé?"

"Tíṣà, láti kékeré ni mo ti ń wọn gààrí. Lọ́jọ́ tí o gbé e lé mi lọ́wọ́ ni mo ti mọ̀."

"Kóńgò yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

"Kí ló wá dé?" Mo ti ń pariwo. "Wọ́n fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ sì dákẹ́!"

Ó ní, "Rọra. Bí mo bá gbé kóńgò mi jáde, wọn á bi mí pé abọ́ tí akọ̀wé ní kí n máa lò ńkọ́. Kí ni n óò wí? Pé ẹni tó kọ́ ọmọ mi ní ABD, irọ́ ló pa láwùjọ?" Ó gbọn gààrí kúrò lára ìró rẹ̀. "Mo kàn ń bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e ni. Ti àkọ́kọ́ ni mo fi ń dí àlàfo ọ̀rọ̀ rẹ. Èkejì ni ènì."

Mo gba abọ́ aláwọ̀ ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gààrí tó dà sílẹ̀ sínú rẹ̀.