Apẹ̀rẹ̀ Tó Kọjú sí Ilé Bàbá Mi

Ọwọ́ òsì ni mo bá wáyé, òun náà ni mo sì máa bá lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi a máa fi ọ̀já dè é mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a bá ń jẹun. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún jẹun, mo fi kọ̀wé, mo fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n òsì ò gbàgbé ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni wọ́n ṣán ilẹ̀ kan níwájú ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní yóò di ọgbà ìgbafẹ́. Àgùnbánirọ̀ kan tá a jọ ń ṣe tíṣà ló kó àwo ike pẹlẹbẹ wá, tó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ orí òpó káàkiri ibẹ̀. Èèyàn á ju àwo síbi apẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá já sí, ibẹ̀ ni yóò ti tún un jù, títí yóò fi wọlé. Ẹni tí iye ìgbà tó jù ú bá kéré jù ló borí. Kò fi igbó kankan sáàárín, kí ẹni tí kò ṣe é rí lè ṣe é.

Tí mo bá fi ọ̀tún jù ú, ọ̀dọ̀ àwọn ewúrẹ́ ló ń lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo fi òsì jù ú, ó wọ apẹ̀rẹ̀ ṣáá. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Àmọ́ apẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa gan-an, níbi tí bàbá mi máa ń jókòó sí tí wọ́n bá dé láti oko. Wọ́n rí mi tí mò ń fi òsì ju àwo síbẹ̀, wọ́n pè mí.

“A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ulé baba ẹni.”

Mo ní apẹ̀rẹ̀ ni mo júwe, kì í ṣe ulé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá tún dán an wò, kí n wá ibòmíràn sùn. Ìyá mi bẹ̀ mí pé kí n ṣáà fi ọ̀tún ju ti apẹ̀rẹ̀ kan yẹn. Mo ní rárá. Inú ń bí mi. Gbogbo ara mi ni mo ti fi ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́, ọwọ́ kan yìí ni mo fẹ́ gbà padà.

Ní Sátidé tá a díje, èmi àti àgùnbánirọ̀ yìí la jọ dé apẹ̀rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó ṣáájú ẹnì kejì. Bàbá mi dìde dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi òsì jù ú. Atẹ́gùn láti òkè Olósùnta gbá a kọjá apẹ̀rẹ̀, ó já síwájú ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n mú un nílẹ̀. Mo lọ bá wọn, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, mo sì na ọwọ́ òsì.

“Ọwọ́ ọ̀tún,” ni wọ́n wí.

“Bàbá mi, ọwọ́ tó jù ú ló wá gbà á.”

Wọn ò fi í sí mi lọ́wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sórí sìmẹ́ńtì níwájú eékún mi. Mo fi òsì mú un.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni mo ti gbọ́dọ̀ jù ú. Bí mo ṣe dìde, mo gbọ́ tí àga ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi; bàbá mi ń sún un kí wọ́n lè rí apẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo fi òsì jù ú.

Ilé wa ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.