Dísìkì Méjì fún Ìdí Igi Méjì

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó ra ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bi àwọn ènìyàn léèrè irú háàdì dísìkì tó yẹ kí n fi sínú kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fídíò ilé wa, kò sì sí ẹni méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ọ̀kan ní kí n má fọwọ́ kan tòkúnbọ̀ láéláé. Èkejì ní tòkúnbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta tí kò kú ti fi ara rẹ̀ hàn, pé tuntun inú páálí gan-an ni kí n máa bẹ̀rù. Ẹ̀kẹta, tó ń ta oríṣi méjèèjì ní ọjà Lásúnwọ̀n, ní èyíkéyìí tí mo bá mú, Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, mo gbé e sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ mi ní Ìkòròdú, mo so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa lè fi fóònù wo fídíò bàbá wa láti ibi tó bá wà. Ẹja ni bàbá wa tà ní Ẹ̀pẹ́ títí ó fi kú. Ọdún tó ti Mẹ́kà dé ló ra kámẹ́rà, láti ọjọ́ náà kò sì jẹ́ ká sinmi mọ́. Ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀, Iléyá, ẹja yíyan, gbogbo rẹ̀ ló ká sílẹ̀. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń bu kí n tó rí ẹni bá mi dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Lẹ́yìn ìyẹn, a kó wọn dànù.

Ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́. Ìyá mi ni ìyálé, ọmọ mẹ́rin la jẹ́ fún un, òun náà sì ti lọ. Ìyá Kékeré bí ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ọmọ yẹn ti ṣaláìsí, ọdún kejì rèé. Lára páálí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni bàbá máa ń kọ ẹni tó ni ín sí: “Ti Ìyálé”, “Ti Ìyàwó.” Nígbà tó kú, ìdí igi ni àwọn àgbà ẹbí fi pín ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ìdajì fún àwa ọmọ ìyálé, ìdajì fún Ìyá Kékeré àti ọmọ rẹ̀. Àwọn àbúrò mi fajú ro. Wọ́n ní báwo ni ọmọ mẹ́rin ṣe máa gba iye kan náà pẹ̀lú ọmọ kan? Ọ̀rọ̀ náà kò tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo ń sáré láàárín wọn, ó sì sú mi dọ́ba.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpakòdò, mo sọdá ọ̀sà lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà. Owó ọwọ́ mi kò ká tuntun méjì. Mo ra tuntun kan tí wọn kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, mo sì ra tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n yọ lára kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ilé ìtajà kan. Ẹni tó tà á fún mi bi mí bóyá mo fẹ́ kí gbogbo fídíò wà lórí méjèèjì, kí èkejì lè dúró bí ọ̀kan bá kú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní rárá o, ìdí igi méjì la jẹ́, dísìkì kan fún ìdí igi kan.

Ó wò mí títí. “Ẹ̀gbọ́n, dísìkì kì í ṣe ilẹ̀ o.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Mo rò pé mo gbọ́n ju òun lọ. Mo kó gbogbo “Ti Ìyàwó” sórí tuntun, mo kó tiwa sórí tòkúnbọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ ìyálé rẹ́ opó jẹ. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù; mo ti da tèmi. Mo wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kí àyè lè gbà mí.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí Ìyá Kékeré bá ti kírun tán, á gbé fóònù rẹ̀, á wo wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tó wọ aṣọ funfun tó ń ké Kùránì níwájú àwọn àlùfáà. Oṣù kẹrin tí mo ti ra dísìkì ni ó pè mí.

“Ọkọ mi, ọmọ mi ò jáde mọ́ o. Àbí dátà mi ló tán ni?”

Ọkọ mi ló máa ń pè mí, nítorí wọ́n ti bí mi kí ó tó wọlé ọkọ. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Mo tẹ́tí sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, dísìkì tuntun ń ṣe kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀. Tòkúnbọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ ní tirẹ̀, kò pariwo. Mo gbé tuntun náà lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹni tó gbẹ̀yìn dá a padà fún mi, ó ní kí n ṣe sùúrù, kò sí ohun tó lè jáde nínú rẹ̀ mọ́.

Ta ni yóò gbà pé tuntun ló kú? Àbúrò mi kan ní kí n sọ pé iná ló jó méjèèjì. Mo ní kò sí agbára irọ́ lára mi mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo di kọ̀ǹpútà náà sínú báàgì, mo wọkọ̀ gba Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ojú ń tì mí ní gbogbo ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Kékeré, n kò sì dìde títí mo fi rò ó tán.

“Ṣé tuntun ni lóòótọ́?”

“Tuntun ni, Ìyá. Ọlọ́run gbọ́.”

“Mo gbà. Ti ìyá ẹ ńkọ́?”

“Ó wà.” Ìdáhùn yẹn nira fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ.

“Gbé e síbẹ̀ ká wò ó. Èyí tí wọ́n ti ń yan ẹja.”

Mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. N kò mọ èyí tó ń sọ. Ohun tí bàbá kọ sára páálí ni mo fi pín wọn, n kò jókòó wo ìkankan dé ìparí. A wá a títí a fi rí i. Ìyá mi ló wà nídìí ààrò, ó ń yí ẹja, ó pọn ọmọ. Mo rò pé àbíkẹ́yìn wa ni. Ọmọ náà fa gèlè ìyá mi tú, ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá a jà. Ọmọ náà wá kọjú sí wa, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ìyá Kékeré dìde, ó lọ dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n.

“Ìgbà tí mo ń ná ọjà Ìjẹ̀dẹ́ nìyẹn. Bí mo bá lọ, ibẹ̀ ló ń sùn.”

Kò pẹ́ tó fi tán. Ó ní kí n dá a padà, mo dá a padà. Ó ní kí n tún dá a padà. Nígbà kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, kò bojú wẹ̀yìn wò mí.

“Ẹ̀yìn ìyá ẹ ni mo fi ọmọ mi sí,” ó wí. “Ta ló ní kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀?”