Sípíkà Tí Kò Kọ Ẹ̀yìn sí Ẹnikẹ́ni

Ní ìlú Kiryu níbí, ẹni tí kò bá mọ Kuramochi Tadaharu kò tíì pẹ́ ládùúgbò wa. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe nílé iṣẹ́, níbi tí ariwo ti pọ̀ débi pé ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá délé, orin nìkan letí rẹ̀ ń gbà. Nígbà tó pé ẹni àádọ́ta ọdún, ó sọ yàrá ìsàlẹ̀ di yàrá orin: sípíkà ńlá méjì tó ga dé àyà ènìyàn, àti àga kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì dojú kọ. Fumie ìyàwó rẹ̀ a gbé tíì wá, a dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ní, "Ó dùn," a sì padà sílé ìdáná.

Nígbà òtútù ọdún méjì sẹ́yìn, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Fumie. Apá òsì kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ òsì bákan náà. Àtẹ̀gùn ilé wọn dúró ṣánṣán bí àkàsọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbé e lọ sókè. Yàrá orin nìkan ló gba bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ ògiri, lẹ́bàá fèrèsé, ni wọ́n gbé e sí.

Láti ọjọ́ náà ni Kuramochi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò ní ìsinmi. Ó ń yí ìyàwó rẹ̀ padà kí egbò má baà jẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń se ìrẹsì kó rọ̀ bí ògì, ó ń fọ aṣọ. Obìnrin olùtọ́jú kan ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọjọ́ yòókù, òun nìkan ni. Kazue ọmọ wọn wà ní Sapporo lọ́nà jíjìn, orí fóònù ló ti ń rí ìyá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kuramochi fi àwo orin sórí ẹ̀rọ, ó sì lọ jókòó lórí àga rẹ̀.

"Bàbá Kazue," ni Fumie pè.

"Hẹ̀n?"

"Sípíkà tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Èyí tó wà nítòsí mi sì ń pariwo mọ́ mi létí. Ṣé bó ṣe ń dún létí tiyín náà nìyẹn?"

"Rárá o. Níbi tí mo wà yìí, àárín gan-an ni olórin dúró sí."

"Àárín ta ni?"

Kuramochi dìde, ó pa orin náà.

Lọ́jọ́ kejì ó yí sípíkà méjèèjì kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ Fumie, òun náà kò sì gbádùn ohun tó ń gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì tí olùtọ́jú dé, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Maebashi, ó lọ bá Igarashi tó ń ta ẹ̀rọ orin.

Igarashi gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún yín tipẹ́! Yàrá tó ní àga kan ṣoṣo kì í ṣe yàrá, ààfin ni. Kábíyèsí wá ti sọ̀ kalẹ̀ lónìí!"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Igarashi. Ó rẹ̀ mí."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó fa ìjókòó fún un, ó sì mú un wo sípíkà kan tó rí bí òpó, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè àjà. Irin kan tó rí bí àrọ ìrọpo dorí kodò sókè ẹnu náà, ó ń fọ́n ohùn ká gbogbo ìhà.

"Ẹni tó dúró, ẹni tó dùbúlẹ̀, kálukú á gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ ò ní rí olórin láàárín bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ògiri o. Ẹ lọ wọn ilẹ̀ yàrá yín."

Nígbà tí Kuramochi délé, ó wọn ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí sípíkà bá jìnnà sí ògiri, kí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti Fumie kiri tó lè ráyè kọjá, àga gbọ́dọ̀ jáde. Ó jókòó lé e fún ìgbà pípẹ́, kó tó gbé e síta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Igarashi gbé oríṣi méjì wá kí wọ́n dán wọn wò. Èyí àkọ́kọ́ kúrú, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó kàn kún inú yàrá bí ooru. Èkejì ga, ohùn rẹ̀ sì já gaara létí: nígbà tí fáyólìnì bẹ̀rẹ̀, Kuramochi lè nàka sí ibi tó wà. Ojú rẹ̀ là bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́jú.

"Ìyá Kazue, èwo?"

"Èyí àkọ́kọ́."

"Àkọ́kọ́ kẹ̀! Ṣé o gbọ́ fáyólìnì yìí ṣá?"

"Mo gbọ́ ọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n máa fetí sí òun ṣáá ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ kí n sùn."

"Ta ló ń ra sípíkà nítorí oorun?"

"Èmi tí mo dùbúlẹ̀ síbí láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Ẹ̀yin náà, ìgbà wo lẹ sùn dáadáa kẹ́yìn?"

Igarashi ń wo òkè àjà. Ó rọra ń di èkejì padà sínú páálí, bóyá Kuramochi á yí ọkàn padà. Kuramochi bá a so okùn rẹ̀. Wọ́n gbé sípíkà ńlá méjèèjì àtijọ́ náà sínú ọkọ̀ Igarashi, ojú ibi tí ìwúwo wọn ti tẹ ẹní ilẹ̀ yàrá náà mọ́lẹ̀ sì wà níbẹ̀ kedere.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èmi tí mo jẹ́ aládùúgbò wọn gbé kùkúḿbà oko mi lọ fún wọn. Mo pè, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, mo bá wọlé. Orin ń lọ. Fumie ti sùn. Kuramochi náà ti sùn lórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹ̀wù ìdáná ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo dúró títí àwo fi parí, mo gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ orin kúrò lórí rẹ̀, mo gbé kùkúḿbà sílẹ̀, mo sì rọra fa ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì Kuramochi ní kí n má tan ara mi, sípíkà náà kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Mo ní ṣé kí n bá a pe Igarashi kó wá pààrọ̀ rẹ̀.

"Má pè é," ló wí. "Ṣé kùkúḿbà yẹn ṣì kù nílé yín?"