Òkè Tó Ń Gba Ẹnu Ẹ̀rọ Wá

Bí mo bá rí ẹni tó gbé ife omi sókè kọjú sí oòrùn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní Odode, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ni mo máa ń rántí. Orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n orúnkún kò jẹ́ kí òun ọmọ lè gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, á bu omi ẹ̀rọ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á gbé e sókè kọjú sí oòrùn, á tọ́ ọ wò, á ní:

“Àpáta ti dé. Òkè tí mi ò lè gùn ti wá kí mi.”

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù nísàlẹ̀ ife, inú ìgò ló ń kó o sí. Ẹni tó bá fẹ́ dà á nù á gbọ́ ọ: “Ṣé ilé baba mi lo fẹ́ dà sí gọ́tà?”

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan wá yẹ omi àdúgbò wò. Ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó mirí.

“Màmá, irin ti pọ̀ jù nínú omi yìí. Kì í ṣe ti àpáta o, páìpù ló dógùn-ún. Omi òkè gan-an mọ́ gaara.”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú ìgò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sọ́wọ́.

“Páìpù ni mo ti ń mu látọjọ́ yìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. A máa pààrọ̀ ẹ̀.”

“Ẹ dúró ná! Nígbà tí baba mi sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, òun ló gbẹ́ kòtò páìpù yẹn. Ẹ jẹ́ kí n mu ún tán.”