Ara-Ò-Balẹ̀ Pín Ilé

Lọ́jọ́ tí awọnlẹ̀ tí ilé ẹjọ́ rán dé láti wọn ilé tí bàbá wọn kú fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ́ta, Ara-Ò-Balẹ̀ káfíńtà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn ti nà gbalaja sílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ọ̀gá káfíńtà, ta ló gé àtẹ̀gùn?"

"Èmi ni! Ẹ̀gbọ́n mi ní ilé ò ṣeé pín, torí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, ìsàlẹ̀ tó máa jẹ́ tiwọn ló sì wà. Ó tán! Ìta ni màá kan òmíràn sí."

"Ó dáa. Báwo lẹ ṣe máa wá sọ̀ kalẹ̀?"

Ara-Ò-Balẹ̀ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹ ṣì máa wọn ìsàlẹ̀ ná."

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Adájọ́ ti ní bí ilé bá ṣeé pín, kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín in. Bí kò bá ṣeé pín, kí wọ́n tà á, kí oníkálukú gba tirẹ̀. Kí wọ́n tà á ni ẹ̀gbọ́n wọn awakọ̀ ń wí. Àbúrò wọn obìnrin, télọ̀, kò sì níbòmíràn tó lè gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Bí mọ́tò kan bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àyà rẹ̀ á já pé olùrà ti dé.

Àkàbà ni wọ́n fi gbé ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀. Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n ó jábọ̀ pé ilé ṣeé pín. Ẹ̀gbọ́n gba ìsàlẹ̀. Káfíńtà àti télọ̀ gba òkè, ògiri pákó ló là wọ́n láàárín.

Ṣé ó wá jókòó jẹ́ẹ́? Ara-Ò-Balẹ̀ kẹ̀! Ẹni tí kì í jókòó jẹun tán! Òjò dé, á tú ògiri. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, á tún un kàn. Aṣọ oníbàárà sì ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ télọ̀, ó wá dá a lójú pé yàrá òun ló ń kéré.

"Bùrọ̀dá, ẹ ti tún sún ògiri yìí o!"

"Pákó ló ń wú."

"Pákó wo ló ń wú lọ́dọọdún? Ẹ fẹ́ gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́ ni?"

"Máa rán aṣọ ẹ, jàre!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á títí ikú fi mú káfíńtà, òòlù lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi gòkè wá pẹ̀lú téèpù, ó ní ó yá, kí àwọn méjèèjì pín apá olóògbé. Ó wọn ọ̀tún, ó wọn òsì, ó tún un wọn. Ó kígbe.

"Ìwọ ọmọ yìí, tìrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tirẹ̀ mì!"

Télọ̀ yọjú sí yàrá olóògbé. Bẹ́ẹ̀dì tóóró kan ló wà níbẹ̀, àti ibi tí ènìyàn lè dúró sí wọ ṣòkòtò. Fèrèsé ńlá tó ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ òun télọ̀ ló ti bọ́ sí láìmọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà kò sì dá mọ́.

"Báwo la ṣe máa wá pín in báyìí?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Kí lẹ fẹ́ pín, bùrọ̀dá? Òun alára ti pín in tán kó tó lọ."