Ẹni Tó Gba Ilé Hukkala Là

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kalervo Hukkala nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wàrà màlúù. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin báyìí, àárẹ̀ iṣẹ́ náà sì ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Síbẹ̀, kò gbé oko fún ẹnì kankan. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin ni: Terhi, tó ń dá iṣẹ́ ilé màlúù ṣe láti ìdájí. Bí ọ̀rọ̀ ogún bá ti délẹ̀, orin kan náà ni bàbá olórí kunkun yìí máa ń kọ: "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ni ọkùnrin ti ń gba oko yìí lọ́wọ́ ọkùnrin."

Kó lè pa àwọn tó ń bá a jiyàn lẹ́nu mọ́ pátápátá, ó fi itọ́ ẹnu rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò DNA. Armas, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọpasẹ̀ ìran àwọn ilé àtijọ́, ló gbé èsì wá. Ife kọfí mẹ́ta ló mu kó tó lanu.

"Kalervo, má bínú o. Gbogbo ọkùnrin tí baba ńlá wọn ti inú ilé yìí jáde, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n, láti ayé ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta. Ìwọ ò sí níbẹ̀."

"Ọmọ ta wá ni mí?"

"Wo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dún ìyàn ńlá, Valpuri, ọmọbìnrin ilé, nìkan ló ṣẹ́ kù nílé yìí. Ó fẹ́ alágbàṣe kan láti agbègbè Savo, àwọn méjèèjì ló bí ìran tìrẹ. O ṣáà mọ̀ pé ọkọ tó bá wọlé ìyàwó, orúkọ ilé ló ń jẹ́."

"Mo mọ̀. Mo rò pé ilé àwọn ẹlòmíì ló ti ń ṣẹlẹ̀ ni."

Armas kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kalervo wọ bàtà rọ́bà, ó rọra wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé màlúù. Terhi ń fọ garawa lọ́wọ́. Ojú ti bàbá náà, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Terhi, obìnrin ló gba ilé yìí là. Lọ́la, jẹ́ ká lọ kọ oko sórúkọ rẹ."

Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bí baba bá wá ti jáde nílé ńkọ́?

Terhi kò gbójú sókè. "Bàbá, ọdún méjìlélógún ni mo fi retí ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu yín. Mo ti gbaṣẹ́ sílé ìtọ́jú arúgbó nílùú Tampere. Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Rárá o. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Kalervo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó gba garawa lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí.

"Ó ti rẹ èmi náà, ọmọ mi," ló sọ.